Ọsán Já, Ọrún Dọ̀pá: Ẹ̀kọ́ tí Akẹ́kọ̀ọ́ Kan Kọ́ Mi

Ọ̀kan nínú àwọn òwe tí mo ti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni "Ọsán já, ọrún dọ̀pá." Àlàyé mi kì í yí padà: ọrun ni ohun ìjà, ọsán ni okùn rẹ̀, bí okùn náà bá já, ọrun kò yàtọ̀ sí igi lásán mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn tí agbára bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe rí. Bí mo bá ti sọ èyí, ó parí, ó di òwe mìíràn.

Lọ́jọ́ kan, mo ń máàkì ìwé ìdánwò nílé mi ní Kétu, mo sì bá ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan pàdé. Ó ní bí a bá já ọsàn tán lórí igi, ọ̀pá tí a fi já a nìkan ni yóò kù lọ́wọ́ wa. Mo rẹ́rìn-ín, mo fún un ní òdo. Ọjà èso Ìkòsì ni ìyá rẹ̀ ti ń ta ọsàn. Nígbà tí ó wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo ti gbọ́ pé ọsàn kọ́ ni ọsán. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi ń ṣe ọsán, sà? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣe é?" Mo ní awọ tàbí ìfun ẹran ni. Ìbéèrè kejì, n kò lè dáhùn. Èmi náà kò fojú kan ọsán lára ọrun rí.

Ojú tì mí. Nígbà tí Iléyá dé ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, mo tọrọ ìfun àgbò lọ́wọ́ aládùúgbò mi kan. Ìyàwó mi rò pé ọbẹ̀ ni. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí láti Kétu dé Mile 12, inú abọ́ ọbẹ̀ ni a ti mọ ìfun. Bẹ́ẹ̀ sì ni okùn gidi ni. Ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ àgùntàn kan gùn ju mítà 15 lọ. Òun ni àwọn òyìnbó ti fi ń ṣe okùn fàólììnì láti ọjọ́ pípẹ́. Ti màlúù ni wọ́n ṣì fi ń ṣe àwọn okùn ráákẹ́ẹ̀tì tẹ́níìsì kan títí di òní.

Mo fọ̀ ọ́, mo yọ ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò. Mo rẹ ẹ́ sínú omi eérú di ọjọ́ kejì kí ohun yíyọ̀ inú rẹ̀ lè rọ̀. Mo tẹ́ ẹ sórí pákó, mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á títí ó fi ku awọ funfun fẹ́lẹ́ nìkan. Mo lọ́ fọ́nrán mẹ́ta pọ̀ nígbà tí omi ṣì wà lára wọn, nítorí bí ìfun bá ti gbẹ, kò gba lílọ́ mọ́. Mo so ó mọ́ òpó méjì lábẹ́ ìbòji, mo fà á le. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, mo fi òrí pa á, mo sì so ó mọ́ ọparun tí mo tẹ̀. Mo fi ìka ta á, ó dún.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, mo gbé e lọ sí kíláàsì. Mo fa ọsán, ó já. Ọrún dọ̀pá níwájú gbogbo wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, a rí àṣìṣe mi méjì. Ẹnu ọ̀bẹ ti gé e díẹ̀ níbì kan. Èkejì, n kò tú u kúrò lórí ọrun láti ọjọ́ tí mo ti so ó, òjò sì ń rọ̀. Ìfun a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, a sì dẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ odò Ògùn sì ni àwa wà.

Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, mo lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Alápẹrẹ. Onílù àgbà kan ń tún dùndún rẹ̀ ṣe, mo sì gbọ́ tí ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Fún mi ní ọsán yẹn."

Mo súnmọ́ ọn. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ọsán kẹ̀?"

Ó na okùn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí mi. "Ọsán rèé, Tíṣà. Òun ló so ojú ìlù méjèèjì pọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá já, igi lásán lẹ ń wò yìí."

Ó fi bí wọ́n ṣe ń gé awọ ẹran hàn mí, àti bí wọ́n ṣe ń lọ́ ọ ní tútù, gẹ́gẹ́ bí mo ti lọ́ ìfun. Ó ní awọ ni bàbá òun fi kọ́ òun níṣẹ́, kì í ṣe ìfun.

Ó wá yé mi. Ìbọn ti gba ipò ọrun, ṣùgbọ́n ọsán ṣì wà lábẹ́ apá onílù ní gbogbo òde àríyá tí a ń lọ. Àìmọye ìgbà ni mo ti náwó fún irú onílù bẹ́ẹ̀ láìbi í ní ìbéèrè kan.

N kò yí òdo yẹn padà. Àmì ohùn ni ó ya ọsán, ọsàn àti ọ̀sán sọ́tọ̀. Ẹni tí yóò kọ́ ọmọdé kò gbọdọ̀ ṣì wọ́n pè. Ṣùgbọ́n mo sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ náà pé èmi náà gba òdo nínú ìbéèrè rẹ̀. Nígbà tí ó lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkòsì, mo lọ wo iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé gángan kékeré kan àti ọsàn mẹ́ta sórí tábìlì, ó sì jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ kan ọsán kí ó tó pa òwe náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, kí a tó túmọ̀ òwe fún ọmọ ẹni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òwe náà ń dárúkọ.