Ìyá Mi Kò Wọ Ọkọ̀ Mi Mọ́

Òjò ti rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ Ẹgàn tutù, àdúgbò dákẹ́, èmi àti ìyá mi sì ti jókòó sínú ọkọ̀ kí agogo méje òwúrọ̀ tó lù. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo máa ń gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìgàndò kí wọ́n lè yẹ ìfúnpá wọn wò. A kò tíì kọjá ilé mẹ́jọ ní òpópónà wa nígbà tí ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ ilé-ìwé sáré jáde láti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá kan tó dúró sẹ́bàá ọ̀nà. Mo tẹ ìjánu. Ọkọ̀ kò dúró. Mo tún fi gbogbo agbára ẹsẹ̀ mi tẹ̀ ẹ́. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dà bí ẹni pé ọkọ̀ rántí pé òun ní ìjánu. Nígbà tó fi máa dúró, àlàfo tó kù láàrin imú rẹ̀ àti ọmọ náà kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ.

Ọmọ náà wò mí, ó gbé báàgì rẹ̀ tó jábọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Èmi ni mo ń gbọ̀n. Ìyá mi kò pariwo, wọn kò sì bá mi wí. "Olúwa ṣeun, Olúwa ṣeun" ni wọ́n ń sọ lábẹ́ ètè títí a fi dé ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí mo mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, wọ́n ní kí n má ṣe wàhálà, pé àwọn yóò wọ Márúwá. Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó yé mi. Ìyá tó bí mi gbà pé kẹ̀kẹ́ tí kò ní ilẹ̀kùn fini lọ́kàn balẹ̀ ju ọkọ̀ ọmọ wọn lọ.

Kí ẹ má baà ṣì mí gbọ́, ẹ̀yin òǹkàwé mi, páàdì ìjánu ọkọ̀ náà kò gbó. Tuntun ni. Kò tíì pé oṣù kan tí a fi í sí i. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Honda Civic Si ọdún 2008 ni ọkọ̀ náà. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, jíà ọwọ́ mẹ́fà, àti ẹ́ńjìnnì lítà méjì tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 197. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló rà á ní tòkunbọ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹyinjú. Nígbà tó ń lọ sí Kánádà, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní: "Àbúrò mi, ọkọ̀ eré nìyí o. Má sọ ọ́ di ọkọ̀ ìyá arúgbó."

Nígbà tí mo sọ fún un pé páàdì iwájú ti ń dún fíìn-fíìn, èyí tó jẹ́ àmì pé ó ti fẹ́ jẹ tán, ó fi òmíràn rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń bọ̀ wálé. Páàdì àwọn tó ń wa ọkọ̀ ìdíje ni. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ kedere pé pápá ìdíje ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó ṣe é kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Èmi tí mo ń fi ìwé kíkọ àti ìwé kíkà jẹun ni n kò ka páálí. Mo rí àwọ̀ rẹ̀ tó rẹwà, mo rántí iye owó tí ẹ̀gbọ́n mi ná lé e, mo sì gbà pé ohun tó bá wọ́n ni yóò dáàbò bò mí jù.

Bàbá tó ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe lẹ́bàá ọ̀nà Ìgàndò kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí mo ròyìn fún wọn. Wọ́n tú táyà iwájú, wọ́n yọ páàdì jáde, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn.

"Ọmọ mi, lọ́jọ́ tí ò ń sọ yìí, ṣé ọkọ̀ ti rìn jìnnà?"

"Rárá, Bàbá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ni."

"Kò burú. Èyí kì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí kò bá tíì gbóná. Àwọn tó ni ín a máa kọ́kọ́ sáré yí pápá po kí wọ́n tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ìwọ ńkọ́? Kí tìẹ tó gbóná, ọmọ ọlọ́mọ ti wà níwájú rẹ."

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi padà sí ohun tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́. Kí ọkọ̀ tó dé ilẹ̀ wa, irin tí à ń kì bọ ẹnu ẹṣin ni à ń pè ní ìjánu. Láti ara ẹṣin náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti dé ara ọmọ ènìyàn, tí a fi ń sọ fún ẹni tí ìbínú tàbí ìwàǹwára ń darí pé kó kó ara rẹ̀ níjàánu. Ẹni tó fẹ́ ra ìjánu, ó yẹ kó wo ẹṣin rẹ̀. Ó tún yẹ kó wo ọ̀nà tí ẹṣin náà ń tọ̀. Ẹṣin nìkan ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wò.

Iṣẹ́ páàdì kò ṣòroó yé ni. Páàdì méjì ló ń fún àwo irin tó ń bá táyà yí mọ́ àárín, tí eré ọkọ̀ á sì di ooru. Nítorí náà, ooru ni gbogbo ọ̀rọ̀ páàdì dá lé. Ọ̀pọ̀ páàdì ìdíje kì í jí dáadáa títí yóò fi gbóná kọjá 100°C, àwọn mìíràn sì ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní pápá ìdíje, ìyẹn kì í ṣe àléébù, nítorí níbẹ̀, páàdì ọkọ̀ lásán ni yóò gbóná jù tí yóò sì máa yọ̀. Ṣùgbọ́n ní Ẹgàn, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ ló léwu jù. Ọkọ̀ tó ń sáré 40 km ní wákàtí kan ń rìn tó mítà 11 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìjánu bá fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lọ́ra, ọkọ̀ ti fi mítà márùn-ún àti ààbọ̀ kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí. Ìyẹn ju gígùn ọkọ̀ mi lọ.

Inú mi dùn nígbà tí mo kà á pé obìnrin wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, Bertha Benz gbé ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀, Karl, ṣe láìsọ fún un, ó kó àwọn ọmọkùnrin wọn méjì sínú rẹ̀, ó sì wà á láti Mannheim lọ sí Pforzheim ní Jámánì. Igi ni ìjánu ọkọ̀ ìgbà náà. Nígbà tí igi ń jẹ lọ lórí ọ̀nà onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó ní kí oníṣọ̀nà bàtà kan kan awọ mọ́ ọn. Kò dúró de ohun tó dára jù láyé. Ohun tó bá ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀ mu ló wá.

Ìbéèrè tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè nìyẹn: kí ló bá ọ̀nà mi mu? Ọ̀nà mi ni òpópónà tí àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù, títì Ìgàndò sí Ìyànà-Ìba tí ọ̀kadà ń já lu ni, àti sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Ìkòtún tí à ń tẹ ìjánu bí ẹni ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Oríṣi páàdì mẹ́ta ló wọ́pọ̀ fún ọkọ̀ tí à ń wà lójoojúmọ́. Ọ̀kan wà tí wọ́n fi fọ́nrán àti rọ́bà pò: ó rọ̀, kì í pariwo, ó sì ń mú ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n ó tètè ń jẹ, agbára rẹ̀ sì ń dínkù bí ó bá gbóná jù. Èkejì ni èyí tí wọ́n pò mọ́ irin lúbúlúbú: ó ń fara da ooru, ṣùgbọ́n ó máa ń dún, ó ń da eruku dúdú sára ríìmù, ó sì ń jẹ àwo irin. Ẹ̀kẹta ni sẹ̀rámíìkì: ó dákẹ́, eruku rẹ̀ kò pọ̀, ó ń pẹ́, èyí tí wọ́n ṣe fún ìgboro sì ń mú láti ìgbà tó bá ṣì tutù. Àmọ́ owó rẹ̀ lé díẹ̀, kò sì yẹ fún ẹni tó ń lọ sí pápá ìdíje.

Láyé àtijọ́, asbẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ páàdì nítorí pé kì í tètè gbiná. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á mọ́lẹ̀ pé gbogbo oríṣi rẹ̀ ló ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ìdí nìyí tí Bàbá kì í fi í gbà kí àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku ìjánu dànù. Omi ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ méjì ní Nàìjíríà, A. O. A. Ibhadode àti I. M. Dagwa, gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde lórí bí a ṣe lè fi èèpo líle ara èkùrọ́ ṣe páàdì tí kò ní asbẹ́sítọ́ọ̀sì. Ohun tí àwọn ìyá wa ń dà síná lẹ́yìn tí wọ́n bá pa èkùrọ́ tán lè dá ọkọ̀ dúró!

Nígbà tí mo fẹ́ lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, Bàbá ní kí n mú páàdì àtijọ́ dání, kí n má kàn sọ pé "ti Civic" ni mo fẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwo ìjánu iwájú Si fẹ̀ tó nǹkan bí 300 mm, ti Civic lásán kò ju nǹkan bí 262 mm lọ, páàdì wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọlọ́jà tí mo bá pàdé gbé méjèèjì lé ara wọn kó tó dá mi lóhùn. Ó tún fi lẹ́tà méjì tí wọ́n tẹ̀ sára páàdì hàn mí: FF. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ bí páàdì ṣe ń di irin mú ní ìwọ̀n ooru ojoojúmọ́, èkejì ń sọ bó ṣe ń dì í mú nígbà tó bá gbóná gan-an. E kéré sí F, G sì ju F lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi lẹ́tà nìkan ra páàdì, nítorí nǹkan bí 93°C ni ìdánwò lẹ́tà àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sọ ti òwúrọ̀ kùtù. Ẹ ka páálí, kí ẹ rí i pé ọkọ̀ ìgboro ni wọ́n ṣe é fún. Sẹ̀rámíìkì ni mo rà, owó rẹ̀ kò tó ìdajì owó ti ìdíje.

Bàbá fi gírísì sí àwọn pín-ìn-nì tí kálípà ń rìn lé, wọ́n sì pààrọ̀ ọ́ìlì ìjánu, torí pé bí ó bá ti pẹ́, ó máa ń fa omi mọ́ra, ó sì máa ń tètè hó. Lọ́jọ́ Àìkú, kí títì tó kún, wọ́n jókòó tì mí. Mo sáré dé 60 km, mo rọra tẹ ìjánu títí eré fi dín sí nǹkan bí 15, láìdúró pátápátá. Mo ṣe é nígbà mẹ́wàá kí páàdì àti irin lè mọ ara wọn, lẹ́yìn náà mo wà á jẹ́jẹ́ kí ó lè tutù.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Inú rẹ̀ kò dùn.

"Ṣebí mo sọ fún ọ! O ti sọ ọ́ di ọkọ̀ ìyá arúgbó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá mi. Ìyá wa ló ń wọ̀ ọ́."

Mo wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, èyí tí èmi àti ìyá mi ti fi pamọ́ fún un. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ẹ̀rọ ti já. "Má bínú, àbúrò mi," ló sọ níkẹyìn. "Ọkọ̀ ni mò ń rò."

N kò bẹ ìyá mi pé kí wọ́n wọ ọkọ̀. Mo kàn ń wà á lọ, mo ń wà á bọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ilé ìwòsàn, mo rí wọn lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì wọn. Wọ́n bi mí bóyá a ti tún un ṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n jókòó, wọ́n so bẹ́líìtì. Níwájú ilé kẹjọ, ewúrẹ́ kan yọ sí títì. Mo tẹ ìjánu lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́.

Ìyá mi wo ewúrẹ́ náà títí ó fi kọjá.

"Ó ti ń gbọ́ràn," ni wọ́n wí.