Abẹ́rẹ́ fún Awọ tí ó Dẹ̀

Lẹ́yìn ìbí kẹta, awọ ikùn abilékọ kan ní Ìsọlọ̀ dẹ̀ bí àpò tí a kó ẹrù inú rẹ̀ tán. Ìyá rẹ̀ ní kí ó fi ọ̀já di ikùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ni ayé ń gbà. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Sculptra ní 2004 fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó jìn nítorí àrùn HIV. Díẹ̀díẹ̀, fún oṣù mélòó kan, ni ó ń mú kí ara pèsè èròjà tí ń di awọ mú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n dárúkọ, wọn kò dárúkọ ikùn.

Ìgò tí wọ́n nà sí i ní Òṣòdì kò ní nọ́ńbà NAFDAC, bẹ́ẹ̀ ni àjọ náà ní ọ́fíìsì ní Ìsọlọ̀ níbẹ̀! Ó béèrè ẹni tí yóò gún un. Onídìrí ni. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì pọn ọmọ rẹ̀.