Owó Páìpù Tí Mo Ṣọ́

Nígbà tí mò ń kọ́lé mi n'Íbàdàn lọ́dún 1984, a ò tíì rẹ́ ògiri tí oníná fi wá bá mi. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ n gbẹ́ ara búlọ́ọ̀kù, kí n ri páìpù sí i, kí n tó fa wáyà. Bí wáyà bá bàjẹ́ lọ́jọ́ iwájú, a ó fà á yọ, a ó fa tuntun sí i, a ò ní fọ́ ògiri."

Mo bi í pé èló ni páìpù. Ó sọ ọ́. Háà! Mo ní kó tẹ wáyà mọ́ búlọ́ọ̀kù, kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì bò ó. Ta ni yóò wonú ògiri?

Ọdún kẹta, ìyàwó mi fẹ́ gbé aago kọ́ ní pálọ̀. Ó kan ìṣó. "Páù!" ni mo gbọ́, iná kú, ìyá àwọn ọmọ ti wà nílẹ̀.

Orí ló yọ ọ́. Oníná yẹn náà ni mo ránṣẹ́ sí. Ó ní ìṣó náà so wáyà méjèèjì pọ̀ ni fúúsì fi tètè já. Ó ní ká ní èyí tó gbé iná nìkan ló kàn ni… ó dákẹ́. Kò sọ pé òun ti wí.

Ó fọ́ ògiri tí a ti kùn. Ó ri páìpù, ó fa wáyà 1.5 sí gílóòbù, 2.5 sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Òòró gangan ló gbé páìpù gbà lókè sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kò gba ìbùú rárá, kí ẹni tó bá fẹ́ kan ìṣó lè mọ ibi tí yóò yẹra fún.

Orí tábìlì ni aago náà wà títí dòní. Ìyàwó mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé e kọ́.