Owó Orí Tí Lákúnlé Kò San

Ní ọjọ́ tí mo bá olùkọ́ Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì di àyè rẹ̀ mú ní kíláàsì wa ní Ìdógun, eré Wọlé Ṣóyínká, The Lion and the Jewel, ni a kà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi nìkan ni ẹ̀rín náà kò dénú rẹ̀.

Eré apanilẹ́rìn-ín ni. A kọ́kọ́ ṣe é lórí ìtàgé ní Ìbàdàn ní 1959, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1963. Àhunpọ̀ ìtàn rẹ̀ kò ju ọjọ́ kan lọ: òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Ọkùnrin méjì ni ó ń du Sídì, arẹwà Ìlújinlẹ̀. Ọ̀kan ni Lákúnlé, ọ̀dọ́ olùkọ́ tí ó ní òun kò ní í san owó orí, nítorí pé ìwà àìlajú ni. Èkejì ni Baálẹ̀ Bárókà, ẹni ọdún 62, tí ó parọ́ fún Sàdíkù, ìyáálé ilé rẹ̀, pé agbára ọkùnrin ti tán lára òun. Sàdíkù tú àṣírí náà fún Sídì. Sídì lọ fi Baálẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ibẹ̀ ni pàkúté sì ti mú un.

Ọ̀pọ̀ olùṣèdánwò a máa kọ ọ́ pé Lákúnlé dúró fún ọ̀làjú, Bárókà fún àṣà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí yóò tẹ àwòrán Sídì sára sítáǹpù ni Bárókà fi fa ojú rẹ̀ mọ́ra. Lákúnlé ní tirẹ̀, nígbà tí ó gbọ́ pé Sídì kì í ṣe wúńdíá mọ́, ní òun yóò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó orí ti parí nìyẹn. Gbólóhùn kan yìí ni òǹkọ̀wé fi tú àṣírí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀: àpò ni ó ń ṣọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èmi náà ti jókòó níwájú bàbá ọmọbìnrin kan rí, tí mo ń ṣàlàyé fún un pé ènìyàn kì í ṣe ọjà. Bàbá náà gbọ́ mi tán. Ó ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ rẹ dára. Ṣé àṣà náà ni o kọ̀ ni, àbí owó ni kò sí lọ́wọ́?" N kò lè fèsì. Owó kò sí lọ́wọ́ mi. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀, n kò sì bi í ní èrò ọkàn rẹ̀. Ilé ọkọ mìíràn ni ó wà lónìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùṣèdánwò, bí a bá bi yín ní ìbéèrè lórí ìfìwàwẹ̀dá, ẹ má ṣe gba ohun tí ẹ̀dá-ìtàn sọ gbọ́ lásán. Ẹ wo èrè tí ó ń jẹ nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à ń fi í rín.