Láti Odò Ọ̀ṣun dé Igbó Lekki

Ẹ̀yin ìyá wa, omi Odò Ọ̀ṣun tí ń ṣàn kọjá ní Ẹdẹ kò dúró síbẹ̀. Gúúsù ni ó ń lọ, títí yóò fi wọ inú ọ̀sà Lekki nítòsí òkun. Lẹ́yìn ọdún Iléyá, mo kó àwọn ọmọ, a gba Ìbàdàn lọ sí Èkó láti lọ wo igbó Lekki.

Àjọ Nigerian Conservation Foundation ni ó dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1990. Hẹ́kítà 78 ni ilẹ̀ náà. Ilé àti títì ti yí i ká. Ọ̀bọ wà lórí igi, ọ̀nì wà nínú àbàtà. Afárá olókùn kan wà lókè, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Mo ṣe bìsímíláì kí n tó gùn ún. Bí ó ti ń mì, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Àbíkẹ́yìn mi ni ó di ọwọ́ mi mú: “Màámi, ẹ má wo ìsàlẹ̀.”

Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ, ẹ má sì gbé oúnjẹ sọ́wọ́. Ọ̀bọ já ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbà lọ́wọ́ ọmọ wa!

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọmọ náà bi mí pé: “Ṣé ọ̀rá tí a ń dà sí odò wa ń dé ọ̀sà?” Mo ní ó lè dé ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà, a kò da pàǹtírí sí odò mọ́ nílé wa.