Ẹ̀rọ Tó Ṣeé Tú

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn kì í yé bi mí ni pé kí ni mo rí lára ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ti dàgbà ju àwọn ọmọ mi lọ. Síkúrù ni mo rí. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ àtijọ́ tó ń jẹ́ Hoovermatic síta, ẹ tú síkúrù tó di páànù ẹ̀yìn mú, gbogbo inú rẹ̀ á wà níwájú yín: mọ́tò, bẹ́líìtì, pọ́ǹpù, wáyà, kálukú ní àyè tiẹ̀, ọwọ́ sì tó gbogbo wọn. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, ó sì ti ro ti ẹni tí yóò tún un ṣe mọ́ ọn. Ohun tí mo fi ń jẹun láti ìgbà èwe mi nìyẹn. Òun náà ni mo ń wò bó ti ń tán lọ, ìdí sì nìyẹn tí n kì í fi jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ àtijọ́ kọjá níwájú mi lọ sí ààtàn.

Mùṣín ni mo ti kọ́ṣẹ́, nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan tó ń wé kọ́ìlì mọ́tò iná. Fáànù, ẹ̀rọ ata àti pọ́ǹpù omi ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá. Kí ọmọṣẹ́ tó fọwọ́ kan wáyà tuntun, yóò kọ́kọ́ tú èyí tó jóná kúrò, yóò sì máa kà á bó ti ń tú u, torí iye ìgbà tí wáyà yípo nínú kọ́ìlì àtijọ́ ni yóò yípo nínú tuntun. Bí wáyà bá tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mọ́tò á gbóná. Bí ìyípo bá dín, á gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá wa kì í lo ìwé. Ṣọ́ọ̀kì la fi ń kọ iye rẹ̀ sára ògiri. A ó tẹ́ páálí sínú àyè irin kí wáyà má baà fara kàn án, a ó to wáyà bàbà náà sí i, a ó fi òwú dì í pinpin, a ó wá da fáníìṣì lé e, a ó sì sá a sóòrùn títí yóò fi gan. Ọmọṣẹ́ tó bá ṣì í kà kò ní relé lọ́jọ́ náà títí yóò fi tún un wé.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fojú kan Hoovermatic. Àwọn tó lọ kàwé ní Ìlú Ọba ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 ló ń kó o sọ́kọ̀ ojú omi bọ̀ wálé, pẹ̀lú gíràmáfóònù àti abọ́ tánńganran. Tó bá dé Èkó, iná á lọ, bó bá sì máa padà, á dé tagbáratagbára, kọ́ìlì á jó, wọ́n á gbé e tọ̀ wá wá. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ tú ọ̀kan, ó dúró wò ó pẹ́, ó ní, "Ẹni tó ṣe eléyìí fẹ́ràn mẹkáníìkì." Ó ní kí gbogbo wa wá wò ó. A kò rí ibì kankan tí a ní láti fọ́ ká tó dé ibòmíràn.

Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ìran ẹ̀rọ náà ti ṣẹ̀ wá. Ní 1948, Hoover ṣí ilé-iṣẹ́ kan sí Merthyr Tydfil ní Wales, ìlú tí irin àti èédú ti sọ di ńlá rí kí iṣẹ́ tó gbẹ níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, 0307 ni wọ́n ń pè é: àpótí funfun kékeré kan, àgbá kan ṣoṣo nínú rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ kan lára ògiri àgbá tó ń da omi rú, àti rọ́là méjì tí wọ́n ń fọwọ́ yí láti fi fún aṣọ. Ní 1957 ni Hoovermatic dé, tí àgbá ìfọṣọ àti àgbá ìfúnṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú àpótí kan náà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní twin tub. Ó ní ẹsẹ̀ oníkẹ̀kẹ́. Wọ́n á yí i dé ìdí síǹkì, wọ́n á fi họ́ọ̀sì bomi sí i, hítà á mú omi náà gbóná. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin péré, wọ́n á fi ẹ̀mú onígi gbé aṣọ tó ń yọ èéfín jáde, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àgbá kejì, á máa pòyì níbẹ̀. Omi ọṣẹ tó bá jáde lára aṣọ, pọ́ǹpù á dá a padà sínú àgbá àkọ́kọ́. Aṣọ funfun ló ń kọ́kọ́ wọ omi, aláwọ̀ á tẹ̀lé e, aṣọ iṣẹ́ ló ń kẹ́yìn, nínú omi kan náà. Inú mi máa ń dùn sí ọgbọ́n yẹn títí dòní. 

Twin tub wá di ohun tí gbogbo ilé ń wá. John Bloom, ọ̀gá Rolls Razor, ń tà á ní owó pọ́ọ́kú fún onílé láìgba ọwọ́ ṣọ́ọ̀bù, títí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fi wó ní July 1964. Kó tó wó, ọ̀pọ̀ ilé tí kò lérò pé ọwọ́ àwọn lè tó ẹ̀rọ ìfọṣọ ti ní in. Ní Merthyr, àwọn òṣìṣẹ́ tó 5,000 ní àwọn ọdún 1970. Níbi tí ẹ̀rọ bá sì ti pọ̀ báyẹn, iṣẹ́ atúnṣe ò lè wọ́n.

Bàbá Gẹ̀ẹ́sì tó gbà mí síṣẹ́ nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù ní ìparí àwọn ọdún 1980, láti àsìkò tí twin tub gbòde yẹn ló ti ń ti ilé dé ilé tún ẹ̀rọ ṣe. Mọ́tò kan tó ń kùn tí kò yí ló gbé síwájú mi. Mo fọwọ́ ta ọ̀pá rẹ̀, ó bá ń yí. Mo ní kàpásítọ̀ ni. Kò bi mí ní ìwé ẹ̀rí mọ́.

Òun ló kọ́ mi ní táímà, tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ aládàáṣe kí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tó dé. Mọ́tò kékeré kan ló ń rọra yí ọ̀wọ́ àgbá róbótó oníke tí wọ́n gé eyín sí létí. Ibi tí eyín bá ti ga, á gbé ewé irin kan sókè, iná á wọ hítà. Ibi tó bá ti lọ sílẹ̀, ewé irin á sọ̀ kalẹ̀, pọ́ǹpù á gbà á. Ojú lásán lèèyàn fi ń rí ohun tí ẹ̀rọ náà ń rò. Bí iná bá ti sọ ẹnu ewé irin kan di dúdú, sáńpépà tó kúná á mú un dán, iṣẹ́ parí. Keymatic tí Hoover gbé jáde ní 1961 tilẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ oníke pẹlẹbẹ kan tí wọ́n gé etí rẹ̀ lónírúurú. Etí tí ẹ bá kì bọ̀ ọ́ ni yóò kà, yóò sì fi mọ̀ bóyá aṣọ òwú ló wà níkùn òun tàbí aṣọ onírun àgùntàn. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ló máa ń sọnù. Mo ní Keymatic kan nílé tí gbogbo ara rẹ̀ pé, àfi kọ́kọ́rọ́.

Àgbá ló pa ṣọ́ọ̀bù wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí mo débẹ̀, abala méjì tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè pọ̀ ni àgbá ìta àwọn ẹ̀rọ tí ẹnu wọn wà níwájú. Bí bíárìn bá ń pariwo, a ó tú nọ́ọ̀tì, a ó fi òòlù lu bíárìn àtijọ́ jáde, a ó kan tuntun sí i pẹ̀lú róbà rẹ̀, ẹ̀rọ náà á tún lò fún ọdún púpọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ abala méjèèjì pọ̀ mọ́ra. Bíárìn tí owó rẹ̀ ò ju ti oúnjẹ ọ̀sán lọ wá di ohun tó há sínú ike tí kò lẹ́nu. Oníbàárà á bi wá ní iye odindi àgbá, á rò ó pọ̀ mọ́ owó iṣẹ́, á rí i pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀rọ tuntun rà, á dúpẹ́, á jáde. Láti July 2021, òfin ti wà ní Ìlú Ọba pé kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ máa ní ẹ̀yà ara rẹ̀ ní títà fún ọdún 10 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dáwọ́ ẹ̀rọ ọ̀hún dúró. Òfin tó dára ni, mo sì bá àwọn tó jà fún un yọ̀. Ṣùgbọ́n ó gbà wọ́n láyè láti ta àgbá àti bíárìn pọ̀ bí ẹyọ kan, ọ̀ràn ike tí kò lẹ́nu sì wà níbi tó wà. Ṣọ́ọ̀bù wa ti tì kó tó dé. Merthyr náà ti dáwọ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ dúró láti 2009.

Àwọn tó ń kó tòkunbọ̀ ló kù tó ń wá wa dé ìparí. Ọ̀nà Tilbury ni kọ̀ńténà wọn ń gbà lọ sí Àpápá, Alábà sì ni ọjà rẹ̀ ń já sí. Òfin tó dé lórí ìdọ̀tí ẹ̀rọ iná sọ ọ́ di dandan kí ẹ̀rọ tí wọ́n bá ń kó lọ sókè òkun jẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́, àwa la sì ń bá wọn dán an wò. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n mú twin tub. Ẹ̀rọ tí ẹnu rẹ̀ wà níwájú ń fẹ́ omi tó ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ omi pẹ̀lú agbára, ó sì ń fẹ́ iná tí kò ní lọ fún bíi wákàtí kan tàbí méjì. Bí iná bá lọ lágbedeméjì, aṣọ á há sínú omi, ìlẹ̀kùn ò sì ní ṣí. Twin tub, ẹ fi korobá pọnmi kànga sí i, ó parí. Bí iná bá lọ, ẹ ṣí ọmọrí, ẹ fọwọ́ fọ ìyókù. Ìdí nìyẹn tí twin tub tuntun, tí wọn kò fi hítà sí, ṣì fi kún àwọn ṣọ́ọ̀bù Èkó àti Ìbàdàn, nígbà tó ti di ohun àtijọ́ lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ti mọ irú ìyà yìí rí. Nígbà tí iná ò tíì dé oko wọn, Maytag ti ìlú Newton, ní Iowa, ń ta ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń lo ẹ̀ńjìnnì bẹntiróòlù. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ta á kó tó dún, wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, páìpù gígùn kan sì ń gbé èéfín rẹ̀ gba ojú fèrèsé jáde. Ọmọ Nàìjíríà tó bá ti fa jẹnẹrétọ̀ kékeré rí mọ òórùn yẹn. Maytag kò sì dáwọ́ ẹ̀rọ onírọ́là dúró títí di 1983. Lee Maxwell, ní Eaton, Colorado, ti kó ẹ̀rọ ìfọṣọ tó lé ní 1,000 jọ sínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tirẹ̀, ó sì ti mú kí ọ̀pọ̀ wọn ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá rò pé àwa tó ń ṣe irú èyí ò níṣẹ́ ṣe, kó rántí rẹ̀.

Hoovermatic tí mo tún ṣe kẹ́yìn, ìyá Ìjẹ̀bú kan ní Peckham ló ni ín. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n nígbà tí wọ́n rà á, ní àárín àwọn ọdún 1970. Wọ́n ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn, káńsù sì fẹ́ wá kó ẹrù tó kù. "Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n jù ú sọ́kọ̀ ìdọ̀tí. Aṣọ iṣẹ́ mi funfun, aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ, inú ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti mọ́." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ọ̀dọ̀ mi ló ń lọ."

Pọ́ǹpù rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ tú. Bọ́tìnnì wà níbẹ̀, pín-ìnnì ìdirun wà níbẹ̀, ààbọ̀ pẹ́nì kan náà sì wà níbẹ̀, owó bíńtín tí wọ́n ti fagi lé láti 1984. Omi ti ń jò gba ìdí abẹ̀bẹ̀, ó sì ti mú bíárìn rẹ̀ dípẹtà. Ìyẹn ò dà mí láàmú rárá: nọ́ńbà tó wà létí bíárìn, òun kan náà ni wọ́n ń lò káríayé, ẹ lè fi ra òmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lè fi rà á ní ọjà Ládípọ̀. Róbà tó ń dá omi dúró ni kò sí ní títà mọ́, mo sì fara balẹ̀ gé e látinú róbà pẹlẹbẹ, mo wọ̀n ọ́n, mo tún un gé, títí ó fi gbá ọ̀pá mú láìfún un lọ́rùn. Kọ́ìlì ìfúnṣọ ti jó. Mo tú u, mo ń kà á, mo sì ń kọ iye rẹ̀ sára ògiri bí wọ́n ti kọ́ mi. Ọmọ ọmọ ìyá náà obìnrin, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì, wá jókòó tì mí. Ó ní òun ò tíì fọwọ́ kan kọ́ìlì rí, pé inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń kọ́ wọn. Òun ló wé apá kejì.

Bí ẹ bá ní irú ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ nílé, bóyá nínú gáréèjì àwọn òbí yín ní Bódìjà tàbí lábẹ́ àtẹ̀gùn ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kì í bọ iná. Ẹ wo wáyà rẹ̀ ná. Bó bá jẹ́ pupa, dúdú àti àwọ̀ ewé, a jẹ́ pé ó ti ṣáájú 1970 tàbí kó sún mọ́ ọn: pupa ló ń gbé iná wọlé, dúdú ló ń gbé e padà, àwọ̀ ewé ló so mọ́ ilẹ̀. Róbà tó bo wáyà ìgbà náà máa ń gan, á sì máa wó dànù bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kàpásítọ̀ lè tọ́jú iná sínú kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ púlọ́ọ̀gì, torí náà kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ẹni tó mọṣẹ́ á fi fa iná inú rẹ̀ jáde. Ẹ fọwọ́ yí àgbá ìfúnṣọ. Bó bá yí, iṣẹ́ tó kù ò pọ̀. Bí kò bá yí, ẹ má fi tipá yí i, ẹ má sì torí ìyẹn tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bó bá wá jẹ́ Keymatic ni, ẹ tú inú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná wò dáadáa kí ẹ tó kó ohunkóhun dànù.