Ẹ Bi Àwọn Tó Ń Gbé Ibẹ̀ Léèrè

Ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà mọ. Ní Alédjo níbí, èmi ni mo ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé lálaalẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Abúlé oko kan wà láàárín ìlú méjì lọ́dọ̀ wa. Ìlú méjèèjì ní àwọn ló ni ín. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Àwọn àgbà ní kí a bi àwọn ará abúlé náà fúnra wọn, kí a sì ṣe èyí tí púpọ̀ nínú wọn bá fẹ́. Wọ́n ní kí n wá kọ orúkọ. Mo kọ orúkọ olórí ilé mẹ́rìnlá. Ìyá àgbà kan dìde, ó ní: "Olùkọ́, ọmọ mi, àwa obìnrin ńkọ́? Ṣé àwa kì í ṣe ará ibí ni?" Ojú tì mí. Mo ya ìwé náà, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́, mo rántí ààlà wa. Alédjo kan wà ní Bẹ̀nẹ̀, òmíràn wà ní Tógò. Ní 1897, Faransé àti Jámánì jókòó ní Paris, wọ́n fi ẹnu kò lórí ààlà Dahomey àti Tógò. Wọn kò bi àwọn baba wa léèrè.

Wọ́n bi àwọn mìíràn léèrè lẹ́yìn náà. Nígbà tí Jámánì pàdánù ogun àgbáyé àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín Tógò. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún 1956, àwọn tó wà lápá Gẹ̀ẹ́sì dìbò lójú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé: ṣé kí wọ́n dara pọ̀ mọ́ Gold Coast, àbí kí wọ́n yà kúrò lára rẹ̀? Ènìyàn 93,095 ní kí wọ́n dara pọ̀. Ènìyàn 67,492 kọ̀. Ní 1957, ilẹ̀ náà di ara Ghana. Ṣùgbọ́n ní gúúsù, ní Ho àti Kpandu, àwọn tó kọ̀ ló pọ̀ jù. Nítorí pé a ka ìbò gbogbo wọn pọ̀, àríwá borí wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò tán nínú àwọn kan. Ní 2020, wọ́n dí ọ̀nà níbẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ dá dúró.

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè dára ju ìjà lọ. Ẹni tó pọ̀ ni yóò borí. Ṣùgbọ́n kí a tó kà, ẹ jẹ́ kí a fẹnu kò lórí àwọn tí a ó kà, àti àwọn tí a ó kà pọ̀. Kí a sì rò ó pé, àwọn tó bá kéré, báwo ni wọn yóò ṣe máa gbé?

Lábúlé yẹn, kí a tó kà, ìlú méjèèjì gbà pé oko ẹnikẹ́ni kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A wá kà tọkùnrin tobìnrin. Ìlú ìyá mi kò wọlé. Ó dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ìyá mi ṣì ń dá oko wọn níbẹ̀, ẹnì kankan kò sì lé wọn.